Yẹtí Tí Mo Bá Nínú Báàgì Mi ní Glenn Dale

Ojú mi yìí ni mo fi rí i. Wọn kò sọ ọ́ fún mi, n kò sì lá a lálàá. Mo jẹun dáadáa lọ́jọ́ náà, n kò lo oògùn kankan, ọ̀sán gangan sì ni. Bí ẹ bá jẹ́ irú ẹni tó máa ń sọ pé, "Ó rẹ̀ ẹ́ ni, o nílò ìsinmi," ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá nǹkan mìíràn kà. Nọ́ọ̀sì ni mí. Ìgbà tí mo ti pa ojú òkú dé fún àwọn ẹbí wọn kò lóǹkà, mo sì ti lọ jẹun lẹ́yìn rẹ̀. Òkú kì í bà mí lẹ́rù.

Kódà, ẹ gbà mí gbọ́, kì í ṣe òkú ló bà mí lẹ́rù jù nínú ilé yẹn.

N kò ní dárúkọ ara mi, nítorí láísẹ́ńsì ìjọba Maryland ni mo fi ń jẹun. Orúkọ àwọn tí mo bá ṣiṣẹ́ náà, mo ti yí i padà. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀, n kò fi iyọ̀ kún un.

Greenbelt ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí mo fi dúró lórí ẹsẹ̀ mi ní ọsibítù, ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí débi pé mo máa ń di ògiri mú kí n tó lè wọ bàtà. Ọkọ mi ní kí n wá iṣẹ́ ìjókòó. Bí mo ṣe forúkọ sílẹ̀ nìyẹn lọ́dọ̀ ẹ́jẹ́ńsì kan tó máa ń rán nọ́ọ̀sì lọ sílé àwọn arúgbó. Wọ́n ní ìyá àgbà kan wà ní Glenn Dale, ẹnì kan ṣoṣo, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Glenn Dale, ẹ mọ̀ pé ilé tuntun ló pọ̀ níbẹ̀, ilé oníbíríkì tí wọ́n jọra bí ìbejì. Ilé tèmi yìí wà lẹ́yìn wọn, níbi tí ọ̀nà ti di òkúta wẹ́wẹ́, láàárín àwọn igi ńláńlá. Pákó ni wọ́n fi kọ́ ọ látòkèdélẹ̀. Láyé àtijọ́, àwọn olówó Washington ló máa ń wá gba atẹ́gùn níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ẹ bá ń rìn nínú rẹ̀, pákó á máa dún lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Ìgbà mìíràn, ẹ̀yin á ti dúró, yóò ṣì máa dún.

Mísíìsì Alder ni orúkọ tí n ó máa pe ìyá náà. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Rọpárọsẹ̀ ti mú un, ẹsẹ̀ méjèèjì kò sì gbé e mọ́. Ẹ̀rọ ni mo fi ń gbé e láti orí bẹ́ẹ̀dì sí orí àga oníkẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mú bí abẹ, ọpọlọ rẹ̀ sì jí pérépéré. "Ọmọdébìnrin" ló máa ń pè mí. Èmi tí mo ti ní ọmọ-ọmọ! Mo ṣáà ń rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ń pa á lára dà.

Ohun tí n kò lè pa lára dà ni pé gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí mo bá ti gbé báàgì kọ́ èjìká, yóò yí ojú sí mi, yóò béèrè jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Kí ló wà nínú báàgì rẹ, ọmọdébìnrin?"

Màá ní, "Kúlà oúnjẹ mi ni, Mama, àti ìbọ̀sẹ̀ mi."

Yóò ní, "À á rí i."

Èmi náà kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń kọ́ ní ìfura. Ìfura loògùn àgbà, ìyá mi ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo ti ń sọ ọ́ fún ọkọ mi pé, "Dádì, ìyá yìí ń dọdẹ mi." Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ náà, ta ni o kì í fura sí? Pásítọ̀ pàápàá, o máa ń ka ojú rẹ̀."

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Graham, kì í gbé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń wá. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Ènìyàn pẹ̀lẹ́ ni. Ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ ló ti sọ fún mi pé kámẹ́rà wà ní pálọ̀, ní kíṣìnnì àti nínú yàrá ìyá òun. Mo ní kò burú. Ẹni tí kò jalè, kí ló kàn án pẹ̀lú kámẹ́rà?

Ìwé ni Graham ń kọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó tẹ́ àwọn fọ́tò àtijọ́ sórí tábìlì ìjẹun, ó sì pè mí kí n wá wò ó. Ó fi obìnrin òyìnbó kan hàn mí, ẹni tó dúró ṣánṣán, tó wọ aṣọ tó gbá ilẹ̀. Ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀ tóbi, òkúta tó wà lára rẹ̀ tò bí àgbàdo. Òrùka wà lọ́wọ́ rẹ̀, yẹtí sì ń fì létí rẹ̀. Fọ́tò náà kò ní àwọ̀, ṣùgbọ́n Graham ní àwọ̀ ewé ni àwọn òkúta náà, wọ́n sì ń dán bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Ìyá ìyá rẹ̀ àgbà ni obìnrin náà, ìyẹn ìyá-ìyá Mísíìsì Alder. Òun ló tọ́ Mísíìsì Alder dàgbà nínú ilé yìí gan-an.

Ẹ gbọ́ ohun tí Graham sọ fún mi. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, kí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, madam yìí gbàlejò láti Washington. Ó wọ gbogbo ẹ̀ṣọ́ náà jẹun. Nígbà tí àlejò lọ tán, ó bọ́ wọn sínú àpótí. Nígbà tó máa fi di òwúrọ̀, àpótí ti ṣófo. Wọ́n pe ọlọ́pàá, ìwé ìròyìn gbé e. Wọ́n fura sí awakọ̀ ẹṣin, wọ́n fura sí àlejò kan tó jẹ gbèsè. Madam ní kí wọ́n má wulẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu, kí wọ́n tú báàgì ọmọ ọ̀dọ̀ òun wò. Ọmọbìnrin adúláwọ̀ ni, Delia ni orúkọ rẹ̀, Capitol Heights ni ilé wọn. Wọ́n tú báàgì rẹ̀. Wọ́n bá yẹtí kan níbẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀gbà ọrùn kò sí, òrùka kò sí, yẹtí kejì kò sí.

Madam fúnra rẹ̀ ló ti Delia mọ́ inú yàrá kékeré tí wọ́n ń kó abọ́ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá ìjẹun, títí ọlọ́pàá yóò fi padà dé. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Fèrèsé ibẹ̀ kò fẹ̀ ju tíréè lọ.

"Wọ́n wá a títí dé Baltimore," Graham wí. "Wọn kò rí i mọ́, wọn kò rí ẹ̀ṣọ́ náà. Ẹnì kan ló ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹni náà ni mo ń wá. Wọ́n jọ jí i ni."

Mo bi í bóyá fọ́tò Delia wà níbẹ̀. Ó ní rárá, kò sẹ́ni tó ya ọmọ ọ̀dọ̀ ní fọ́tò nígbà náà.

Mo ń rò ó bí mo ṣe ń wakọ̀ lọ sílé. Olè wo ni yóò kó odidi ẹ̀ṣọ́ gbé pamọ́, tí yóò wá fi yẹtí kan sínú báàgì ara rẹ̀, tí yóò sì máa fọ abọ́ lọ ní tirẹ̀? Ẹ̀yin náà, ẹ rò ó wò.

Ìgbà òtútù ló dé. Yìnyín bo ilẹ̀ lọ́jọ́ kan, oòrùn sì ràn sórí rẹ̀ débi pé gbogbo ilé mọ́lẹ̀ kedere. Mísíìsì Alder jẹ ọ̀sán tán, ó sùn. Mo lọ sí yàrá ìjẹun láti gbé tíréè.

Ọmọbìnrin adúláwọ̀ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá abọ́ yẹn, ó kẹ̀yìn sí mi. Aṣọ dúdú ló wọ̀, ó so épúrọ́ọ̀nù funfun mọ́ ọn, ó sì kó irun sábẹ́ fìlà kékeré. Ó ń nu fọ́ọ̀kì, ó ń nu ún, ó ń nu ún.

Ẹ má rẹ́rìn-ín mi o. Mo bínú ni! Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé ẹ́jẹ́ńsì ti rán ẹlòmíràn wá láti máa ṣọ́ mi. Mo ní, "Ẹ káàsán o. Ẹ́jẹ́ńsì wa ló rán yín wá?"

Fọ́ọ̀kì rẹ̀ ló ń nù lọ, kò yíjú.

Mo yọjú lójú fèrèsé. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà níta, tèmi ni. Ipa ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wà lórí yìnyín, tèmi náà ni. Ẹ wo bí ìfura ṣe ń fọ́ni lójú: ohun tí mo sọ lọ́kàn ara mi ni pé, "Ó gbọ́n o, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé."

Mo bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo pe ẹ́jẹ́ńsì. Obìnrin tó gbé fóònù ní, "Ẹnì kankan kò sí níbẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀yin, ma." Mo padà sí yàrá ìjẹun. Kò sẹ́nìkan. Mo di ọwọ́ ilẹ̀kùn yàrá abọ́ mú, ó wà ní títì pa. Nígbà tí mo bi Graham léèrè lórí fóònù pé níbo ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn yẹn wà, ó ní, "Ilẹ̀kùn yẹn? Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti sọnù kí wọ́n tó bí mi. A kì í ṣí i."

N kò pariwo. Mo padà lọ jókòó ti ìyá àgbà. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wò mí.

Ó ní, "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

Mo ní, "Fóònù ni, Mama."

Ó ní, "À á rí i."

Ẹnì kan wà tí mo fẹ́ràn, Miss Loretta. A jọ ṣiṣẹ́ ní ọsibítù kí ó tó fẹ̀yìn tì. Adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ni, Capitol Heights ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ni wọ́n bí ìyá rẹ̀ náà sí. Ó fẹ́ràn mọ́ínmọ́ín mi, nítorí náà mo gbé díẹ̀ lọ fún un ní ọjọ́ Sátidé, a sì ń tàkúrọ̀sọ. Mo sọ ìtàn ẹ̀ṣọ́ náà fún un bí ẹni ń sọ àwàdà, n kò tilẹ̀ mẹ́nu ba ohun tí mo rí. Bí mo ṣe pe orúkọ Delia, ó gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀.

"Ilé pákó ni? Ní Glenn Dale?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó dìde, ó pa tẹlifíṣọ̀n. Ó ní, "Àbúrò ìyá-ìyá mi àgbà ni Delia. Nínú ilé wa, wọn kì í sọ pé ó sá lọ. Wọ́n máa ń sọ pé kò jáde."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Miss Loretta ní nígbà tí Delia wálé gbẹ̀yìn, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ṣèèṣì ṣí ilẹ̀kùn yàrá abọ́, òun sì bá madam lórí ìkúnlẹ̀, ó ṣí pákó ilẹ̀ sílẹ̀, ó ń kó nǹkan sí abẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni madam ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú báàgì rẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Ìyá rẹ̀ ní kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó ní òun á lọ parí oṣù.

Mo bi í pé, "Kí ló dé tí ènìyàn yóò fi jí ohun ara rẹ̀?"

Miss Loretta wò mí bí ẹni wo ọmọdé. Ó ní, "Àwọn olówó mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é. Kì í ṣe ìyẹn ni mo ń rò. Níbo ni ọmọ wa wọlẹ̀ sí?"

Ó yẹ kí n ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀. Páńsá kò fura, páńsá já sí iná. Ṣùgbọ́n èmi ti fura, mo tún padà lọ. Mo ṣáà gbàdúrà, mo fi òróró ra iwájú orí, mo lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, mo wẹ ìyá àgbà bí mo ti máa ń ṣe. Mo nu ẹsẹ̀ rẹ̀, mo fi ìpara pa á títí dé àtẹ́lẹsẹ̀, nítorí awọ rẹ̀ máa ń gbẹ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ yékéyéké: ẹsẹ̀ náà mọ́ tónítóní, ó rọ̀ bí ti ọmọ ọwọ́. Mo jẹ́ kó sùn padà. Mo lọ sí yàrá ìfọṣọ ní ìsàlẹ̀ ilé láti fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, mo sì pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀ nítorí ẹ̀rọ náà ń yọ mí lẹ́nu. Báàgì mi wà lórí àga ní pálọ̀.

Nígbà tí mo gun àtẹ̀gùn padà, òórùn kan gba imú mi, bí òórùn ọṣẹ àtijọ́ àti páànù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Ẹsẹ̀ mi dúró fúnra rẹ̀.

Ọmọbìnrin náà wà lókè àtẹ̀gùn. Lọ́tẹ̀ yìí ó kọjú sí mi. Ẹ gbà mí gbọ́, ojú ènìyàn ni, kì í ṣe ojú òrìṣà. Ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún, ó rí bí àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ó ti sunkún tẹ́lẹ̀, ó ti nu ojú. Fọ́ọ̀kì náà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ní gẹ̀ẹ́sì àwọn ará ibí àtijọ́ tí wọ́n máa ń fa ọ̀rọ̀ gùn. Gẹ̀ẹ́sì kò mọ "ẹ," kò mọ "o." Ṣùgbọ́n bó ṣe bá mi sọ̀rọ̀, bí ẹ̀gbọ́n ló ṣe sí mi.

"Ṣé wọ́n ti tú báàgì rẹ lónìí?"

Mo mi orí pé rárá.

"Tú u kí wọ́n tó tú u."

Mo ṣẹ́jú. Ògiri ni mo ń wò.

N kò mọ bí mo ṣe dé pálọ̀. Mo da báàgì náà dé sórí kápẹ́ẹ̀tì. Kúlà oúnjẹ, Bíbélì kékeré, ṣájà fóònù, ìbọ̀sẹ̀. Mo mú ìbọ̀sẹ̀, nǹkan líle kan wà lọ́mọ ìka rẹ̀. Mo gbọ̀n ọ́n.

Yẹtí ni. Wúrà rẹ̀ ti ṣú, eruku ti dì mọ́ ọn, ìkọ́ rẹ̀ sì ti tẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe fi àtàǹpàkò nu òkúta rẹ̀, ó tàn sí mi. Àwọ̀ ewé, bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ilé arúgbó, ẹ mọ ohun tó wà níwájú mi. Nọ́ọ̀sì adúláwọ̀, àjèjì, ohun olówó iyebíye nínú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Láísẹ́ńsì lọ. Ẹ̀wọ̀n kò jìnnà. Ojú wo ni n ó fi wo àwọn ọmọ mi? Bí mo bá jù ú sínú yìnyín, wọn á ní mo fẹ́ padà wá gbé e. Bí mo bá fi pamọ́ sínú ilé, kámẹ́rà á rí mi.

Kámẹ́rà! Mo gbé yẹtí náà sórí àtẹ́lẹwọ́, mo na ọwọ́ sí kámẹ́rà tó wà lókè ògiri, mo sì sọ ọ́ síta pé, "Inú báàgì mi ni mo ti rí i. Èmi kọ́ ni mo fi síbẹ̀. Ọlọ́run rí mi, ìwọ náà rí mi." Ẹ̀mí mi balẹ̀ díẹ̀. Mo gbé e lọ bá ìyá àgbà.

Kò sùn. Fóònù rẹ̀ wà lórí àyà rẹ̀.

Mo ní, "Mama, ṣé tiyín nìyí?"

Kò wo yẹtí náà rárá. Ojú mi ló ń wò, bí ẹni tí wọ́n já nǹkan gbà mọ́ lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó wo ẹ̀yìn mi, sí ẹnu ọ̀nà. Ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe ohùn rẹ̀ tí mo mọ̀. Ohùn obìnrin tó lágbára ni, tó ti pẹ́ tó ti ń pàṣẹ.

"Ta ló sọ fún ọ?"

Mo wẹ̀yìn, kò sẹ́nìkan lẹ́nu ọ̀nà.

"Òun náà ni," ó wí. "Kò tíì lọ. Mo rò pé ó ti lọ."

Mo gbọ́ ọkọ̀ níta. Graham wọlé láì bọ́ kóòtù, yìnyín wà lára bàtà rẹ̀. Kò lè wò mí lójú. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Mama pè mí. Ó ní nǹkan kan wà nínú báàgì yín. Ṣé ẹ máa jẹ́ kí n wò ó?"

Mo ní, "Ẹ má wulẹ̀ wá a." Mo fi í lé e lọ́wọ́.

Ó wò ó. Ó gbé e sún mọ́ fèrèsé. Àwọ̀ ojú rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, bí omi tó ń ṣàn nínú kòtò. Ó ní, "Ọ̀kan wà ní báńkì. Ọ̀kan tí wọ́n bá lọ́wọ́ Delia. Èyí… èyí ni ìkejì rẹ̀." Ó yí sí mi. "Níbo lẹ ti rí i?"

"Inú ìbọ̀sẹ̀ mi. Ẹ lọ wo kámẹ́rà yín."

Ó gbé kọ̀ǹpútà lọ sí kíṣìnnì, ó ti ilẹ̀kùn. Mo dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo di báàgì mi mọ́ àyà. Mo gbọ́ ọ tó pe Jésù lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe bí ẹni tó ń búra. Bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ ni.

Nígbà tó jáde, ó ti darúgbó.

"Ẹ máa lọ sílé," ó wí. "Ẹ kò ṣe nǹkan kan. N ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ́jẹ́ńsì."

Mo ní, "Ta ló fi síbẹ̀?"

"Dókítà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè gbé e mọ́."

"Mo mọ̀. Èmi ni mò ń fi ẹ̀rọ gbé e."

"Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀," ó wí. "Ẹ mọ̀ pé kò lè rìn."

"Ẹ jẹ́ kí n rí i."

Ó mi orí. "Mo ti pa á rẹ́."

Kóòtù mi wà nínú yàrá ìyá àgbà. Mo ní láti wọlé mú un. N kò fẹ́ wo bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n ojú ni, kò gbọ́ràn. Ó ti tú aṣọ ìbora kúrò lẹ́sẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tí mo nù lówùúrọ̀, tí mo fi ìpara pa, ti dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò. Eruku ilẹ̀ tí wọn kò gbá láti ọjọ́ pípẹ́ ló dì mọ́ ọn, ẹ̀rún igi sì wà láàárín ọmọ ìka rẹ̀.

Ó ń rẹ́rìn-ín sí mi.

"Pa ilẹ̀kùn dé, ọmọdébìnrin."

Mo pa á dé. Mo sá.

Graham mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Ẹ́jẹ́ńsì kò bi mí ní nǹkan kan. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ibòmíràn, ilé tuntun, tí ilẹ̀ rẹ̀ kì í dún. Nígbà tí mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Miss Loretta, ìbéèrè kan ló bi mí: ṣé wọ́n ti ṣí yàrá náà? Mo ní n kò rò bẹ́ẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ojú, ó sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ òkú fún. Òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ ti pe Graham pé kó jẹ́ kí wọ́n já ilẹ̀kùn náà, kí wọ́n wo abẹ́ pákó, kí wọ́n gbé ọmọ wọn sin bó bá wà níbẹ̀. Ó ní òun á pè wọ́n padà. Kò tíì pè. Nígbà tí yìnyín yọ́, mo bá ọ̀nà ibẹ̀ kọjá. Mo rí ọkọ̀ káfíńtà níwájú ilé náà, wọ́n ń kó pákó wọlé. N kò mọ̀ bóyá wọ́n fẹ́ ṣí nǹkan ni, àbí wọ́n fẹ́ bò ó. Ẹ̀yin náà, ẹ bá mi fura.

Ọkọ mi kì í fi mí ṣẹ̀sín mọ́.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú arúgbó láti Lanham títí dé Bowie, nítorí yín ni mo ṣe sọ ọ́. Bí ẹ bá bá ọmọbìnrin kan tó wọ épúrọ́ọ̀nù funfun pàdé nínú ilé pákó kan ní Glenn Dale, ẹ má bá a jà, ẹ má lé e, ẹ gbọ́ ohun tó bá sọ. Kì í ṣe òun ni kí ẹ sá fún. Ẹni tí ẹ ń bọ́ ní ọbẹ̀ ni kí ẹ máa ṣọ́.

Mísíìsì Alder ṣì wà láàyè. Wọ́n ṣì ń wá nọ́ọ̀sì.